Kí Ni Wọ́n Ń Fi Físíìsì Ṣe?

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a jẹun ọ̀sán tán ní ilé wa ní Pápálántò, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ní kí n jẹ́ kí a lọ sí abẹ́ igi máńgòrò. Bí ó bá ti pè mí ní "akọ̀wé", mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ni ó fẹ́ sọ.

"Akọ̀wé, wọ́n ti gba ọmọ wa sí yunifásítì àgbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n físíìsì ni wọ́n fún un. Dókítà ni gbogbo wa ti ń pè é nínú ilé yìí láti kékeré. Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi físíìsì ṣe? Bí ó bá parí rẹ̀, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ìwọ ni o kàwé. Bá mi sọ fún un kí ó fi sílẹ̀, kí ó tún JAMB ṣe lọ́dún tí ń bọ̀."

Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ni ẹ̀gbọ́n mi ń wà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń gbé ẹrù jáde ní agbègbè Ewékorò. Mo mọ iye ìrìn-àjò òru tí ó wà nínú owó ilé ìwé ọmọ náà, nítorí náà n kò lè fi ìbéèrè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó tì mí lójú ni pé n kò ní èsì kankan láti fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ìwé mi bọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi ń ròyìn yunifásítì. Mo kọ̀wé lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́. Ti ọdún 2022 nìkan, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì tí kò sì parí títí di oṣù kẹwàá, gba ojú ewé tí n kò lè kà mọ́. Mo kọ̀wé lórí ìjà ipò gíwá, lórí ẹgbẹ́ òkùnkùn, lórí owó ilé ìwé tí ó wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò rántí ọjọ́ kan tí mo wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí, kí n sì bi ẹni tí ó wà níbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀ ń wá?"

Ẹ̀sùn kejì tún wà tí mo ní láti fi kan ara mi. Ọbáńtokò, l'Ábẹ́òkúta, ni mo kọ́lé sí. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé orí akọ òkúta ni ó jókòó lé. Nígbà tí mo fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ọkùnrin kan wá, ó di irin wáyà méjì tí ó ti tẹ̀ mú ní ọwọ́, ó rìn yí àgbàlá ká, ó sì dúró lẹ́bàá ọgbà ẹ̀yìn. Ó ní omi wà níbẹ̀ bí odò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn dé, wọ́n gbẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun òkúta funfun ni ó ń tú jáde, ó bo aṣọ tí àwọn aládùúgbò sá sóòrùn. Kò sí omi. Wọ́n ní ọ̀nà ni àwọn ṣì díẹ̀. Wọ́n tún ibòmíràn gbẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i, mo tún sanwó, òkúta náà ni a tún bá. Ihò méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, mo fi búlọ́ọ̀kù dí wọn lójú kí ewúrẹ́ má baà kó sínú wọn.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ mú ọmọ náà lọ sí Àlàbátà, níbi tí ọgbà yunifásítì náà wà, kí a fi ojú ara wa wò ó kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé kí ó kọ̀ ọ́.

A jọ wọkọ̀ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a kọjá Ìtòrì ni ó yíjú sí mi: "Dádì Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé mi ò ní ríṣẹ́?" Mo ní kí ó jẹ́ kí a dé ibẹ̀ ná. Ẹni tí ó ti fi ẹnu iṣẹ́ jẹun fún ọdún mẹ́tàdínlógún kò rí ju ìyẹn sọ.

Ìtàn yunifásítì yìí fúnra rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́. Ọdún 1983 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí ó di ọdún kejì, ìjọba ológun gbé e mọ́ Yunifásítì Èkó. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1988 ni wọ́n tú u sílẹ̀ tí wọ́n sì sọ ọ́ di yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, èyí tí a ń pè ní FUNAAB lónìí. Orúkọ àgbẹ̀ tí ó ń jẹ́ yìí ni ó ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú. Wọ́n rò pé físíìsì tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, ọmọ ìyá àfikún ni. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ àgbẹ̀ bí kò ṣe oòrùn, omi, ooru àti ilẹ̀? Bí omi ṣe ń wọ inú ilẹ̀ àti bí ilẹ̀ ṣe ń dì í mú, físíìsì ni. Bí àgbàdo ṣe ń gbẹ nínú àká láìbu, físíìsì ni. Kódà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn kò ní ṣàì jókòó ti físíìsì ní ọdún àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́rin ni oyè àkọ́kọ́, lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń pè ní COLPHYS. Ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìmọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń yí, ooru, ìmọ́lẹ̀, iná mànàmáná àti òòfà ni ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọ inú átọ́ọ̀mù. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ jáde lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú lè gba oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ilé ni mo ti rí ohun tí mo wá rí. Lórí pápá kan nínú ọgbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́fà ń fi òòlù gbá irin gígùn mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, wáyà rọ́rọ́ nílẹ̀, àpótí kékeré kan pẹ̀lú bátìrì mọ́tò sì wà láàárín wọn. Mo rò pé wọ́n ń wọn ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ni. Olùkọ́ wọn ni ó ní omi ni wọ́n ń wá.

Mo ní kí ó bá mi sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ ọ́. Irin mẹ́rin ni wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Wọn yóò gba inú irin méjì tí ó wà lẹ́yìn òde rán iná wọ inú ilẹ̀. Àwọn méjì tí ó wà láàárín ni wọn yóò fi ka bí ilẹ̀ ṣe gba iná náà sí. Akọ òkúta tí ó le gan-an kì í fẹ́ kí iná kọjá. Òkúta tí ó ti jẹrà, tí ó sì mu omi, a máa jẹ́ kí ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá ṣe ń sún irin òde jìnnà sí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni iná náà yóò máa wọ ìsàlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, wọn yóò sì sọ pé ilẹ̀ pupa nìyí, òkúta jíjẹrà nìyí, ibi tí òkúta le ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lórí akọ òkúta bíi ti Abẹ́òkúta, inú òkúta jíjẹrà àti inú ojú sísán òkúta ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tí kò bá bá ojú sísán pàdé lè gbẹ́ ilẹ̀ títí dé ìparí owó rẹ̀.

Ó béèrè ibi tí ilé mi wà. Nígbà tí mo sọ fún un, tí mo sì sọ ti irin wáyà méjì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tọrọ gáfárà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Mo rí i tí ó di orí irin kan mú kí ẹlòmíràn gbá a.

Omi nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá nínú òkúta wa. Akọ òkúta ní yùréníọ̀mù, tọ́ríọ̀mù àti potásíọ̀mù nínú, ó sì ń tú ìtànṣán tí ojú kò rí jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì láti oríṣiríṣi yunifásítì ti ń wọn ìtànṣán yìí nínú ilẹ̀ àti òkúta Abẹ́òkúta láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń fẹ́ mọ iye tí ó ń bá ẹni tí ó fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọ́lé, àti ẹni tí ó ń mu omi inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹ̀rù ń bà mí pé n bá ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé kìn-ín-ní pé Olúmọ ń pa ará ìlú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ilẹ̀ ayé ni ó ní ìtànṣán tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹnìkan mọ iye rẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí á sì lè rí àkọsílẹ̀ náà kà.

Iṣẹ́ báyìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé pawọ́pọ̀ wo ayé àti òfuurufú ní ọdún 1957 sí 1958, Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n gbára lé. Ìlà-àárín agbára òòfà ayé gba orílẹ̀-èdè wa kọjá, kò sì jìnnà sí Ìbàdàn. Lókè ìlà yìí, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí òfuurufú, iná ńlá kan ń ṣàn lójú ọ̀sán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Agodi Onwumechili wà lára àwọn tí ó di olókìkí nídìí ìwádìí rẹ̀. Òun ni ó padà di gíwá yunifásítì Ifẹ̀. Ifẹ̀ náà kò sùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tí ń fi agbára iná tí ó tó mílíọ̀nù 1.7 fóòtì ju ẹ̀yà átọ́ọ̀mù lu ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, ìbáà ṣe erùpẹ̀ tàbí èérú afẹ́fẹ́, láti fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ iná tí ń tàn tí ń kú. Ẹ fojú inú wo orílẹ̀-èdè tí olùwádìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú owó dísù kí ó tó ronú átọ́ọ̀mù.

Èyí ni ó gbé mi padà sí Pápálántò. Ilé iṣẹ́ iná Ọlọ́runṣògo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀. Apá kìn-ín-ní rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007, lè pèsè mẹ́gáwọ́ọ̀tì 335. Apá kejì tóbi jù ú lọ. Nínú apá kejì yìí, wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ooru tí ẹ̀rọ gáàsì bá tú dànù lè se omi, kí ooru omi náà sì tún yí ẹ̀rọ mìíràn. Bí iná ṣe ń lọ ní ilé wa lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ máńgòrò kan náà. N kò ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Mo ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ń di olùkọ́, ilé ìwé wa sì ń wá olùkọ́ físíìsì bí ẹni wá owó. Mo ní àwọn mìíràn ń wá omi, àwọn mìíràn ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìtànṣán ní ilé ìwòsàn ńlá, àwọn kan kò sì rí nǹkan kan ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ka ìwé ìròyìn bíi tèmi. Mo ní bí ó bá fi dandan lé e pé dókítà ni, kí ó bi ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Àwọn irin mẹ́rin yẹn, ṣé wọ́n lè mọ ibi tí òkúta sìmẹ́ǹtì parí sí?"

Mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde, wọ́n sì sọ̀rọ̀ láìsí èmi níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó san owó ìgbàwọlé náà. Omi táńkà ni èmi ṣì ń rà l'Ọ́báńtokò. Ọmọ náà ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ihò kẹta títí òun yóò fi dé ọdún kẹta.