Bí Ó Bá Jẹ́ Mambéty Ló Ya Fíìmù Oyènúsì

Ní ọdún 1977, Eddie Ugbomah, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú olùdarí fíìmù ní Nàìjíríà, gbé The Rise and Fall of Dr. Oyenusi jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó ipa ọ̀daràn tí fíìmù náà dá lé lórí. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni. Ìṣọ̀lá Oyènúsì ni olórí ẹgbẹ́ adigunjalè kan tó da Èkó láàmú ní kété tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Ó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, ìjọba ológun so òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ òpó ní etíkun Bar Beach, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Wọ́n fojú bu àwọn tó wá wòran sí 30,000 ènìyàn.

Àwọn Faransé ní orúkọ fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀: film noir, fíìmù òkùnkùn, níbi tí òru, ìbọn àti owó ti ń fa ènìyàn lọ sí ìparun. Orúkọ tí Ugbomah fún tirẹ̀ ti fi ọ̀nà tó tọ̀ hàn wá: ìgòkè olè àti ìṣubú rẹ̀. Ọ̀nà òwe àwọn baba wa náà nìyẹn, pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. N kò bá a jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ nǹkan kan nípa àwọn tó dúró wòran ní ọjọ́ olóhun. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ rí, ìdí sì nìyí tí mo fi máa ń ro bí fíìmù náà ì bá ti rí ká ní Djibril Diop Mambéty ló yà á.

Ọmọ Colobane ní Dakar ni Mambéty. A bí i ní ọdún 1945, ó sì kú ní ọdún 1998. Nínú Touki Bouki, tó jáde ní ọdún 1973, Mory àti Anta ń jalè kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀ dé Paris. Mambéty kò yìn wọ́n, kò sì bú wọ́n. Ṣùgbọ́n Hyènes, ti ọdún 1992, ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ọ̀dọ̀ Friedrich Dürrenmatt, òǹkọ̀wé eré ará Switzerland, ló ti mú ìtàn náà, ó sì gbé e wá sí Colobane tirẹ̀. Obìnrin olówó kan padà sí ìlú rẹ̀ tó ti tòṣì, ó ní òun yóò fún wọn ní ọrọ̀ bí wọ́n bá pa ọkùnrin tó dà á nígbà èwe. Ìlú kọ́kọ́ bínú sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra bàtà tuntun ní àwìn. Ní ìparí, wọ́n yí ọkùnrin náà ká; nígbà tí wọ́n tú ká, ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀. A kò rí ọwọ́ ẹni tó pa á, nítorí ọwọ́ gbogbo wọn ni.

Bàbá mi kékeré, tí wọ́n ti di olóògbé báyìí, ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Èkó nígbà náà, wọ́n sì wà ní Bar Beach lọ́jọ́ náà. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ bí ojú Oyènúsì ti rí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ìyá kan ń ta ẹ̀pà, àti pé ọmọdé kan gun èjìká àwọn kó lè ríran, àwọn sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Mo bi wọ́n pé ọmọ ta ni. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Nígbà tí ìbọn dún, ọmọ náà pàtẹ́wọ́, àwọn náà sì pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dákẹ́ sí.

Mambéty ì bá bẹ̀rẹ̀ láti orí èjìká yẹn. Ṣùgbọ́n Bar Beach kò sí mọ́ bó ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti da iyanrìn sí òkun, wọ́n sì ń kọ́ ìlú Eko Atlantic síbẹ̀. Èmi ì bá pè é wá sí Dassa-Zoumè, sáàárín òkè 41 tí a fi ń ki ìlú wa. Orí àpáta wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí ọmọ ogun Dàhómì ń wá kó ènìyàn lẹ́rú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè kan náà ni èrò ń péjọ sí ní Notre-Dame d'Arigbo láti kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ilẹ̀ yìí ti rí èrò tó ń ṣọdẹ ènìyàn, ó sì ti rí èrò tó ń tọrọ àánú.

Kámẹ́rà ì bá wà lórí òkè láti òwúrọ̀. À bá rí ọ̀nà méjì tó pínyà nílùú wa, èyí tó lọ sí Parakou àti èyí tó lọ sí Savalou, tí ènìyàn ń gba orí wọn wá pẹ̀lú àga àti agboorùn. Ẹ̀yìn orí Oyènúsì nìkan là bá rí. Obìnrin kan tí olè pa ọkọ rẹ̀ ì bá wà níwájú, níbi tí wọ́n fi í sí. Kò sì ní pàtẹ́wọ́. Kí ìbọn tó dún, ì bá ti dìde, kó máa lọ sílé, kámẹ́rà ì bá sì tẹ̀ lé e.

Èyí kì í ṣe eré lásán lójú mi. Ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ Benin ti fòpin sí ìdájọ́ ikú ní ọdún 2016. Ní ọdún 2018, ìjọba sọ ìdájọ́ àwọn ẹni 14 tó ṣẹ́kù di ẹ̀wọ̀n gbére. Síbẹ̀, ohun tí ìjọba sọ kalẹ̀, èrò ọjà gbé e. A ṣì ń gbọ́ pé wọ́n mú ẹnì kan, wọ́n pariwo olè lé e lórí, wọ́n sì dáná sun ún kí ọlọ́pàá tó dé. Mo mọ ìrora ẹni tí wọ́n jí alùpùpù tó fi ń jẹun gbé, n kò sì ní kó má bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan ló sábà máa ń ju òkúta kejì.

Fíìmù Ugbomah kìlọ̀ fún olè, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Olè kò pọ̀ láàrin wa. Èyí tí mo ń retí ni fíìmù tí yóò kìlọ̀ fún àwa yòókù, tí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ lé èjìká yóò fi bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ kí ọmọ náà rí.