Lẹ́tà sí Àwọn Ará Ilé láti Lọ́ńdọ̀nù: Ọ̀rọ̀ Orúnkún Dídùn

Aromọléegun tó wọ́pọ̀ jù lọ lára àgbàlagbà ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Kèrékèré tó bo orí eegun, tó ń jẹ́ kí oríkèé yọ̀, ló máa ń fẹ́lẹ́ tí á sì máa fá díẹ̀díẹ̀. Kèrékèré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kì í lè tún ara rẹ̀ ṣe dáadáa. Tó bá ti fá tán, eegun á máa ha eegun, orúnkún á wú, ìdìde nílẹ̀ á sì di iṣẹ́.

Láti 1957 ni àwọn dókítà ti ń lo ìwọ̀n Kellgren àti Lawrence, láti 0 dé 4, fún ohun tí X-ray bá fi hàn. Àmọ́ X-ray kì í rí kèrékèré. Àlàfo àárín eegun ló ń rí, ìbàjẹ́ á sì ti jinlẹ̀ kí àlàfo náà tó dín kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi yíjú sí ẹ̀jẹ̀. Ní 2024, àwọn ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin 200 wò lára àwọn tí wọ́n ti ń tọ́pa ìlera wọn ní Chingford, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rí àwọn èròjà purotéènì tó ń tọ́ka sí ẹni tí àìsàn náà máa mú, ó kéré tán ọdún 8 ṣáájú X-ray. Àyẹ̀wò yìí kò tíì di ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìdènà kò gbọdọ̀ dúró de ìrora.

Nínú ìdènà náà, ọ̀rọ̀ sísanra jù ló ṣáájú. Ìwádìí ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà rí i pé obìnrin tó bá dín nǹkan bíi kílò 5 kù nínú ìwọ̀n ara rẹ̀ láàárín ọdún 10 dín ewu àìsàn yìí lórúnkún kù ju ìdajì lọ. Eré ìdárayá ló tẹ̀ lé e, torí iṣan itan tó lágbára ló ń bá orúnkún gbẹ́rù. Ní ti Màmá, kí wọ́n jókòó sórí àga gíga, kí wọ́n ká apá mọ́ àyà, kí wọ́n dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, kí wọ́n sì rọra padà jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Àga náà ni kí wọ́n máa lò tí wọ́n bá ń bó ẹ̀gẹ́, dípò àpótí kékeré, nítorí títẹ orúnkún pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wà lára ohun tó ń bà á jẹ́.

Glucosamine, àfikún oúnjẹ tí àwọn ará ilé máa ń ní kí a rà ránṣẹ́ nítorí orúnkún, kò tó ohun tí à ń náwó lé: ìlànà ìtọ́jú tí NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà ní Ẹ́ńgíláǹdì, gbé jáde ní 2022 kò fọwọ́ sí i. Bí orúnkún bá wú lójijì, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, àìsàn mìíràn nìyẹn. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.