Òwú Aláǹtakùn Ara Ọkọ̀

Bí a bá rí ọkọ̀ dúdú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ní Òkìtìpupa, a ó rò pé kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Kí a má wò ó lábẹ́ ìbòòji. Kí a jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán yọ, kí a wá dúró níbi tí ìtànṣán rẹ̀ ti ń kọ mànà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà ni a ó tó rí àwọn ìlà tíntìntín tó yí ojú oòrùn ká, ọ̀kan nínú èkejì, àfi bí ẹni pé aláǹtakùn ta òwú rẹ̀ sí ara irin. Ìfọ̀ kì í mú un kúrò. Bí a ti ń fọ̀ ọ́ sí i ni ó ń pọ̀ sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti máa ń dé.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàrin olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ọmọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ fífọ̀ jẹun nítòsí ọjà. Owó ìfẹ̀yìntì tí àgbà náà fi ọdún mẹ́ta retí ni ó fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ dúdú kan láti Èkó. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ọmọkùnrin náà ń fọ̀ ọ́ fún un. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, òwú aláǹtakùn ti bo ọkọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti fi yanrìn ha ọkọ̀ mi tán. Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí mo ṣe ń fọ ti gbogbo ènìyàn ni mo ṣe ń fọ tiyín. Ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ojú yín ló sì ń ṣe."

Òótọ́ ni bàbá sọ, òótọ́ ni ọmọ náà sì sọ. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro nìyẹn. Bàbá ti pinnu pé òun kò ní í san owó oṣù méjì tí òun jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó yẹn gan-an ni ọmọ náà gbójú lé láti fi san owó ìdánwò WAEC.

Èrò tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni pé ìdọ̀tí ni ìlà wọ̀nyí, ohun kan tó wá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, tí ọṣẹ líle yóò sì ṣí kúrò. Kòtò ni wọ́n. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná kò lè mọ̀ wọ́n, síbẹ̀ kòtò ni wọ́n, àfo tí ohun líle kan gbẹ́ sí ojú ọ̀dà. Wọn kò tilẹ̀ rí róbótó bí ojú ti ń rí wọn. Ìlà gbọọrọ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì dábùú ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ afọkọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn tó bá dábùú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dán sí wa, ni ojú bá so wọ́n pọ̀ di òbìrìkìtì yí oòrùn ká. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó sún ẹsẹ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́. Yóò rí i pé òbìrìkìtì náà ń bá òun rìn. Ara ọkọ̀ dúdú ni èyí ti ń hàn jù. Ọkọ̀ funfun ní tirẹ̀ náà. Ó kàn mọ̀ ọ́n bò ni.

Ọkọ̀ àtijọ́ kò fi irú àléébù yìí pamọ́ fún olówó rẹ̀. Ní 1975, nígbà tí ìjọba san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́, tí Òkìtìpupa ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, ọ̀dà aláwọ̀ nìkan ni ó wà lójú wọn. Bí dírẹ́bà bá fi ìpara ìdán nù ún, àwọ̀ ọkọ̀ á bá àkísà jáde. Ẹni tó bá sì rí àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ lára àkísà, kò nílò olùkọ́ kankan kí ó tó mọ̀ pé ara ọkọ̀ ni òun ń nù jẹ. Láàrin 1980 sí 1990 ni ó wá di àṣà àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ láti máa kun ọ̀dà mìíràn lé ti aláwọ̀ lórí, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tó mọ́ gaara bíi dígí. Òun ni ó ń mú ọkọ̀ òde òní dán bí ojú omi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń nù ún jẹ, àkísà kò ní í yí àwọ̀ padà; ènìyàn lè nù ún tán pátápátá kí ó tó fura. Kò sì nípọn rárá: bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, bí 40 tàbí 50 nínú rẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìyẹn bí ìdajì abala ìwé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ìdáhùn sí.

Kí wá ni ohun líle tó gbẹ́ kòtò? Orúkọ ìlú náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Òkìtì pupa ni, ilẹ̀ pupa tó ń kú eruku lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń ta ẹrẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ òjò. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹyìn lọ síbi ìfúnpo a máa bu tirẹ̀ lé e. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku mìíràn á tún gba òfuurufú wá láti aṣálẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Hóró yanrìn le ju ọ̀dà lọ. Ó tilẹ̀ le ju irin ọ̀bẹ lọ. Afọkọ̀ á wá ki fóòmù bọ garawa kan ṣoṣo, á fi nu táyà, á fi nu abẹ́ ilẹ̀kùn, á tún kì í bọ omi kan náà, á sì gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ọkọ̀ keje tí ó bá fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ti ń jẹ nínú yanrìn ọkọ̀ mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni nínù gbígbẹ, nígbà tí a bá ń kánjú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí a fi àkísà gbígbẹ nu eruku nù. Bàbá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní àràárọ̀ fúnra rẹ̀. Àkísà náà kì í kúrò lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀.

Bí a ṣe ń yọ òwú aláǹtakùn náà kò ní í ṣòroó yé ẹni tó bá mọ pupurú. Àwọn obìnrin Ìkálẹ̀ á rẹ gbágùúdá sómi títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á sì yan án lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Kí wọ́n tó gún un, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha dúdú yẹn kúrò kí funfun inú rẹ̀ lè yọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ha á dúró níbi tí dúdú parí sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ha á ha oúnjẹ dànù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀. A kì í dí kòtò náà. Ojú ọ̀dà tó yí i ká ni a ń ha sílẹ̀ títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ kòtò dọ́gba. Ohun tí a bá sì ha kúrò kò ní í padà mọ́.

Nítorí náà ni ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi í kánjú. Á kọ́kọ́ fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, á fi amọ̀ rírọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà fa oje igi àti èérún irin tí ọṣẹ kò ṣí. Lẹ́yìn èyí, á yan ibì kan tí kò fẹ̀ ju abala ìwé ìròyìn lọ, á fi ìpara tó rọ̀ jù dán an wò níbẹ̀, á nù ún, á sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ìlà bá ti lọ, ó tó. Bí kò bá lọ ni yóò tó mú ìpara tó le díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ tí ń yí fóòmù ń mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ jù lójú kan, ooru á ba ọ̀dà jẹ́, pàápàá ní etí ilẹ̀kùn níbi tí ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́. Ibi tí ọ̀dà aláìláwọ̀ bá ti tán, ojú ibẹ̀ á máa bó bí orí ọmọ tí làpálàpá mú, kò sì sí ìpara tó lè wò ó. Àfi kí a tún un kùn.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí àwọn alágbàtà ọkọ̀ fẹ́ràn. Wọ́n á fi ìda kun ojú ọkọ̀, ìda á dí kòtò, ọkọ̀ á sì máa dán títí òjò mélòó kan yóò fi rọ̀. Ìda kò lẹ́ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Ààbò ni fún ọ̀dà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Ara ewé ọ̀pẹ kan tí ń jẹ́ carnauba, tó ń hù ní Bràsíl, ni wọ́n ti ń rí èyí tó lókìkí jù. Ó yẹ kí èyí pa ará Ìkálẹ̀ lẹ́rìn-ín, tí ọ̀pẹ yí ilé rẹ̀ ká, tó sì ń fowó ra ìda ọ̀pẹ ilẹ̀ òkèèrè.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá pẹ́ńtà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lọ́nà Ìlútitun. Ó yí ọkọ̀ ká, kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọmọ náà mú fóòmù rẹ̀ wá, ó fún un sínú àwo funfun kan; yanrìn pupa rọ̀ sí ìdí àwo. Ó ní kí wọ́n tún mú àkísà abẹ́ ìjókòó wá, ó gbọ̀n ọ́n sínú àwo kejì.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ti ọmọ yìí nínú méjèèjì?"

Bàbá wo àwo méjèèjì títí. Kò fèsì.

Pẹ́ńtà ní òun lè yọ púpọ̀ nínú àwọn ìlà náà, ṣùgbọ́n òun kò ní í yọ gbogbo wọn, nítorí kò sí ẹni tó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti ha ọkọ̀ tòkunbọ̀ kí ó tó dé Èkó. Ìlà tó bá jìn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kí ọmọ náà máa lo garawa méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan fóòmù, kí táyà sì ní àkísà tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá san owó oṣù méjèèjì pé pérépéré, ọmọ náà sì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n omi rírà ni omi àdúgbò náà lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó béèrè ẹni tí yóò máa san owó omi garawa kejì. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi rò ó kí ó tó ní kí ó máa kọ ọ́ mọ́ gbèsè òun.