Láti Eleko dé Lọ́ńdọ̀nù: Ohun tí Ẹ Máa Kó àti Ohun tí Ẹ Máa Fi Sílé

Láti ìgbà tí mo ti ti Lọ́ńdọ̀nù dé, kò sí ọ̀sẹ̀ Ifá kan tí ẹnìkan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọn ò gba Ifá lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfúrufú?" Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ń bímọ, wọ́n sì ń fẹ́ kí bàbá tàbí ìyá wá bá wọn ṣe ìkómọ. Ẹni tó fẹ́ lọ á wá máa bẹ̀rù pé àfi kí òun sọ ara òun di nǹkan mìíràn kí wọ́n tó jẹ́ kí òun wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó kúrò nílé.

Físà àlejò ni ẹ máa gbà. Ẹ kò ní lè lò ju oṣù 6 lọ lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù 3 ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, wọ́n sì sábà máa ń dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ 3 tí ẹ bá ti tẹ̀ka. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá wà nínú oyún, ẹ má dúró dìgbà tó bá bí. Ẹ ní kó kọ lẹ́tà pé ọ̀dọ̀ òun ni ẹ máa dé sí, ẹ wá ìwé báńkì, ẹ sì wá ìwé ohun tó máa mú yín padà wálé, ìbáà jẹ́ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù wà. Ọmọdé lè bá yín tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, ọmọ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní kí a kọ oníṣòwò. Mo ní rárá o, babaláwo ni mí, kọ babaláwo, kí o sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún mi ní físà náà. Yàtọ̀ sí pé irọ́ kò yẹ awo, ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ lórí físà, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ má jẹ́ kó wọ ìlú náà fún ọdún 10. Ẹ sì rántí pé físà àlejò kì í ṣe físà iṣẹ́. Ẹ lè gbàdúrà fún ọmọ yín, ẹ lè sọ ọmọ-ọmọ yín lórúkọ. Ẹ má jókòó sí fúláàtì ọmọ yín kí ẹ máa dá Ifá gba pọ́n-ùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ẹrù, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìkóódẹ kò gbọdọ̀ bá yín lọ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti fi odídẹrẹ́ sí ipò ààbò tó ga jù lọ, ìyẹ́ rẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Àwa náà mọ̀ pé odídẹrẹ́ kò pọ̀ mọ́ bíi ti ìgbà èwe wa, n kò lè bínú sí òfin yẹn. Ìrọ́kẹ́ tí a fi eyín erin gbẹ́, ẹ fi sílé pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ ti bàbá bàbá yín, kọ́sítọ́ọ̀mù kò mọ bàbá bàbá yín. Ti onígi kò ní wàhálà. Awọ ẹkùn, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìrùkẹ̀rẹ̀ náà, ara ẹran ni, ẹ jẹ́ kó sinmi sílé.

Ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, wàràkàṣì, wọn kì í gbà á wọlé láti Nàìjíríà. Ewé tútù, irúgbìn àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ èso, àfi kó ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba wa tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò kó tó jáde nílùú. Ta ló fẹ́ máa lé ìwé kiri nítorí obì mẹ́rin? Ẹ ra obì lọ́hùn-ún. Àgbo inú ìgò kò lè kọjá nínú báàgì ọwọ́, torí ohun olómi kankan tó bá ju mìlílítà 100 lọ, wọ́n lè gbà á. Ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀fun ni lójú àwọn ẹ̀ṣọ́, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ràn ìyẹ̀fun tí kò mọ̀.

Kí ni mo wá kó? Ọ̀pẹ̀lẹ̀ onídẹ kan, ọpọ́n onígi kékeré kan, àti ìdè tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Ikin mi dúró sílé, àkọ́bí mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ báàgì mi wò ní Ìkẹjà, ọkùnrin náà na ọ̀pẹ̀lẹ̀ sókè, ó ní, "Bàbá, kí lèyí?" Mo ní, "Ohun tí mo fi ń gbàdúrà ni, bí tẹ̀súbáà yín." Ó rọra dá a padà. Ẹ má ṣe gbọ̀n, ẹ má ṣe rojọ́ gígùn. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ ni wọ́n máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ọ̀nà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà tiwa yìí mọ̀ pé láti Eleko dé Ìkẹjà lè gba àsìkò ju bí bàálù ṣe ń dé Lọ́ńdọ̀nù lọ, wákàtí 6 àti ààbọ̀ sì ni ti bàálù. Awóyaya, Ṣangótẹ̀dó, Ajah, lẹ́yìn náà ni Lẹkí, lẹ́yìn náà ni afárá Third Mainland. Bí bàálù yín bá jẹ́ ti àárọ̀, ẹ lọ sùn ní Ìkẹjà lálẹ́ àná rẹ̀.

Àwọn bàálù kan ń balẹ̀ sí Heathrow. Air Peace tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024. Bí ẹ bá dé Heathrow, ẹ má wọ takisí, owó rẹ̀ pọ̀. Reluwé tí wọ́n ń pè ní Heathrow Express ló wọ́n jù nínú reluwé, Piccadilly ló dínwó jù ṣùgbọ́n ó ń rọra rìn. Èmi wọ Elizabeth line, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Peckham ni mo ń lọ, mo bọ́ sílẹ̀ ní Whitechapel, mo wọ Windrush line tó ń lọ sí Clapham Junction, ó gbé mi dé Peckham Rye. Ọkọ̀ méjì péré.

Ẹ ra káàdì Oyster ní ibùdókọ̀. Ẹni kan, káàdì kan. Nínú reluwé, ẹ fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bí ẹ bá gbàgbé ti ìjáde, owó ńlá ni wọ́n máa yọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tí ẹ bá wọlé nìkan ni. Bọ́ọ̀sì kì í gba owó lọ́wọ́ láti ọdún 2014, ẹ má na owó bébà sí awakọ̀. Pọ́n-ùn 1.75 ni nígbà tí mo wà níbẹ̀, ẹ sì lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan láìsan kún un. Ẹ máa rí àwọn àgbàlagbà tó ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó ń gbé ìlú náà ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àwa. Lórí àtẹ̀gùn tó ń gbéra rìn, apá ọ̀tún ni kí ẹ dúró sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa gbọ́ òṣé lẹ́yìn.

Ní Rye Lane ní Peckham, ohun tí ẹ ò bá rí, ẹ ò wá a ni. Obì, orógbó, ataare, epo, iṣu, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá tó ń tà á á sì kí yín lédè yín. Àwọn tó wà níhà àríwá ìlú ń lọ sí ọjà Ridley Road ní Dalston.

Ọ̀rọ̀ ẹbọ ló le jù. Àlejò kò lè kàn ra àgbébọ̀ kó lọ pa á nínú fúláàtì. Pípa ẹran nílànà ẹ̀sìn láìkọ́kọ́ mú un dákú, ti àwọn Júù àti ti àwọn Mùsùlùmí nìkan ni òfin wọn dárúkọ, ilé ìpẹran tó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n sì ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Tiwa kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jà fún un lè jà fún un, kì í ṣe ẹni tó gba físà oṣù mẹ́fà ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹbọ ọmọ-ọmọ mi jáde, mo dìbò wò. Ifá gba obì, omi tútù àti oyin lọ́hùn-ún, ó sì gbà kí wọ́n ṣe ti àgbébọ̀ sílé. Mo pe ilé lórí fóònù, wọ́n ṣe é ní Eleko lọ́jọ́ kan náà, mo ń gbọ́ ohùn wọn.

Nínú fúláàtì, ẹ̀rọ kan wà lókè àjà tó máa ń ké bó bá ti gbóòórùn èéfín. Ẹ má tan ohun púpọ̀. Láti aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, bí ará ilé kejì bá fẹjọ́ ariwo sun káńsù, wọ́n lè wá. Ìlù bàtá, ẹ lọ háyà gbọ̀ngàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ohunkóhun sínú odò Thames. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọdékùnrin kan nínú odò náà, wọ́n ti gé orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Adam ni àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́. Wọ́n wádìí egungun rẹ̀ dé Nàìjíríà, títí di òní wọn ò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é, kì í ṣe Ifá ló rán an níṣẹ́, ìkà èèyàn ni. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀sìn wa ni gbogbo ọ̀rọ̀ já lé. Lásìkò ìwádìí yẹn ni wọ́n rí àbẹ́là méje tí wọ́n fi aṣọ funfun dì létí odò náà, orúkọ Yorùbá sì wà lára aṣọ. Ọlọ́pàá tọ̀ ọ́ lọ dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó mọ̀ pé ìdúpẹ́ lásán ni, pé orí kó èèyàn wọn yọ nínú ìjàǹbá New York ọjọ́ 11 oṣù yẹn. Ohun tí ẹ fi dúpẹ́ lè di ẹ̀rí ìpànìyàn lójú ẹni tí kò mọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí odò, ẹ dúró létí rẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò mí.

Ẹ lọ sí British Museum, ọ̀fẹ́ ni. Aago 10 sí aago 5 ni, ọjọ́ Ẹtì nìkan ló máa ń pẹ́ di aago 8 àbọ̀. Ẹ má gbé ẹrù ńlá lọ. Àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà wà nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí orí idẹ kan láti Ifẹ̀, èyí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, tó di tiwọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo dúró pẹ́. Mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ fún baba, mo rọra sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí Olówè Ìsẹ̀ gbẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Wembley ni wọ́n gbé e lọ fún ìpàtẹ lọ́dún 1924, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọba. Ẹni tó bá rí ilẹ̀kùn yẹn á mọ ẹni tó jèrè. Horniman ní Forest Hill kéré, ọ̀fẹ́ lòun náà. Lọ́dún 2022 ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ lórí ohun Bìní 72 tó wà lọ́wọ́ wọn lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Nítorí náà, ó ṣe é ṣe.

Omi ẹ̀rọ ilé wọn dára láti mu. Ẹ kó oògùn tí dókítà kọ fún yín dání pẹ̀lú ìwé rẹ̀, torí àlejò ń sanwó ńlá ní ọsibítù. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 999. Kóòtù àti ìbọ̀sẹ̀ kò yàtọ̀ sí oúnjẹ lóṣù Kejìlá.

Ẹni tó máa ń ṣe ìwúre ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kó fara balẹ̀ o. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn ti ń yọ kó tó di aago 5, kì í sì í wọ̀ títí aago 9 fi máa ń kọjá lálẹ́. Ní oṣù Kejìlá, aago 8 àárọ̀ ló ń yọ, kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́ ó ti lọ. Nígbà ooru, aago tiwọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, bó bá jẹ́ aago 7 ní Eleko, aago 6 ni lọ́hùn-ún, ẹ sún agogo ìjí yín síwájú kí ẹ lè bá ilé ṣe ọ̀sẹ̀ pọ̀ lórí fóònù.