Aníkúlápó àti Saworoidẹ: Èrò Tèmi



Ní Ìyànà Ìyẹsí níhìn-ín, ní Ọ̀tà, bí àwa tí a fẹ́ràn fíìmù bá pàdé, àríyànjiyàn kì í tán bọ̀rọ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí dá lórí Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2022, àti Saworoidẹ ti Túndé Kèlání, tó jáde lọ́dún 1999. Mo tún méjèèjì wò lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Kí n má purọ́, Aníkúlápó dùn-ún wò. Aṣọ ibẹ̀ gbayì, ààfin Ọ̀yọ́ rẹwà. Ìtàn Sàró, ahunṣọ tí ẹyẹ àkàlà jí dìde, fi hàn pé ojúkòkòrò a máa sọ ẹ̀bùn dòfo. Ṣùgbọ́n bí ojú mi ti yó, etí mi kò yó. Èdè ibẹ̀ sún mọ́ ti ìgboro òde òní jù.

Saworoidẹ yàtọ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe Ọ̀pálábá. Bí Ọ̀pálábá bá la ẹnu, òwe ló fi ń kìlọ̀ fún àwọn alágbára.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò sí ewu, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán ti tó. Mo ní rárá. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ ìtàn náà, kò lè gbé adùn òwe. Fálétí papò dà lọ́dún 2017, Ìṣọ̀lá tẹ̀ lé e lọ́dún 2018. Ta ni yóò máa kọ irú èdè bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa?

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ fara mọ́?