Àwọn Tó Ṣèlérí àti Àwọn Tó Dáwó

Àwọn ọmọ tó ń kàwé ní Yunifásítì Tai Solarin níhìn-ín ní Ìjàgun gbà pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá máa ṣe IT, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́ kó tó gboyè, báńkì ni, tàbí iléeṣẹ́ rédíò, tàbí iléeṣẹ́ epo. Bí mo bá sọ fún wọn pé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá yunifásítì tọrọ owó ni wọ́n ti kọ́ èmi níṣẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. "Bàbá, ẹ lọ kọ́ṣẹ́ agbe!" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, agbe náà ni mo kọ́, ó sì le ju ìṣirò owó tí mo lọ kà lọ.

Ọdún 1987 ni. Láti 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò IT yìí sílẹ̀, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó ṣàjèjì ni bí owó ṣe rí nígbà náà. Ìjọba Babangida ti gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ìwé tí wọ́n ń rà láti Lọ́ńdọ̀nù di ọ̀wọ́n gógó, àwọn olùkọ́ sì ń yọ́ lọ sí òkè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì tí wọ́n fi mí sí, tí n kò ní dárúkọ, ní ilé ìkàwé kan tí wọ́n kọ́ dé òrùlé tí wọ́n wá pa tì. Ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ wá ní àwọn yóò ṣe láńṣìn, ìyẹn ayẹyẹ ìkówójọ, láti fi parí rẹ̀.

Wọ́n fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, tó ti ṣe akọ̀wé pẹ́ ní iléeṣẹ́ àwọn òyìnbó kó tó fẹ̀yìn tì. Yàrá kótópó kan ni wọ́n fún wa, òun, ìyá kan tó ń tẹ táípù, àti èmi. Ohun ìní wa pàtàkì ni àpótí kan tó kún fún káàdì. Káàdì kan, ẹnì kan. Orúkọ onítọ̀hún á wà lókè, oyè rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ìlú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí rẹ̀, ilé ìwé tó jáde, orúkọ ìyàwó. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀gá á fi bírò pupa kọ ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló lè ránṣẹ́ sí i tí kò ní kọ̀?" Bí a kò bá tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn, lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ jáde sí onítọ̀hún.

Gbogbo òwúrọ̀ ni ọ̀gá ń fi sísọ́ọ̀sì gé ìwé ìròyìn. Kì í ka ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Ojú ewé ìkéde òkú ló ń kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ti ìwúyè. Ta ni ìyá rẹ̀ kú? Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọgọ́ta ọdún? Ta ni wọ́n fi jẹ Ọ̀túnba? Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa á mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Kọ "Olóyè" sí ẹni tó ti di Ọ̀túnba, àpòòwé rẹ á padà wá bá ọ láìtú. Ìyá tó ń tẹ táípù lè lo odindi òwúrọ̀ lórí lẹ́tà mẹ́ta péré, ọ̀gá kò sì ní bínú.

Ọjọ́ láńṣìn ni gbogbo ayé rí. Kánópì, ẹgbẹ́ olórin jùjú, alága tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó ń ki olówó títí orí olówó fi ń wú. Ẹnì kan á dìde, á dárúkọ owó, àtẹ́wọ́ á bo gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í á dárúkọ èyí tó jù ú lọ. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ òdo sí ẹ̀yìn òdo. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tí a ka èyí tó jẹ́ owó gidi, ká yọ ìlérí kúrò, mo wo ojú ọ̀gá. Kò yí padà. Ó ní iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ó ní mi ò gbọdọ̀ fi ẹnu mi pe ìlérí tí wọn kò tíì san ní gbèsè. Lẹ́tà ìdúpẹ́ ni mò ń gbé kiri, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú fọ́tò ibi tí olóyè ti ń bọ ọ̀gá yunifásítì lọ́wọ́. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni," òwe tó ń pa nìyẹn. Ó mọ̀ dájú pé ẹni tí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí owó tí kò tíì san, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn san án lóòótọ́. Àwọn kan wà, ṣá, tí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn á ní bàbá ti rin ìrìn àjò, tí a ó sì máa gbọ́ ikọ́ bàbá ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo rántí jù kò sí lórí káàdì kankan. Ìyá kan ni, tó ń ta gàrí ní Òkè-Ajé. Orí rédíò OGBC ló ti gbọ́ nípa láńṣìn náà. Ó ní òun kò lè dìde láàárín èrò dárúkọ owó, àmọ́ bí a bá lè máa wá lọ́jọ́ ọjà, òun á máa ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ká fún òun ní káàdì bíi ti alájọ, kí n máa sáìnì ín. Bó bá ti kówó lé mi lọ́wọ́ tó gba rìsíìtì, ìbéèrè kan náà ló ń bi mí: "Ọmọ mi, ibo lẹ bá a dé?" Kò sí bí mo ṣe lè sọ "A ti ń ṣe é, Ìyá" fún un kó gbà. Mo ní láti lọ wo ilé ìkàwé náà fúnra mi kí n tó wá, kí n lè sọ fèrèsé tí wọ́n ti fi gíláàsì sí àti èyí tó kù. Nígbà tó yá ó mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, gbogbo wọn gba káàdì. Ọ̀gá ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún wọn. Pépà tó nípọn tí a fi ń kọ lẹ́tà sí àwọn Ọ̀túnba, òun náà la fi kọ tiwọn.

Mi ò fojú di àwọn olówó o. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ oore wọn. Adéọlá Ọdútọ́lá ló dá Olú-Ìwà College sílẹ̀ ní 1945. Ọ̀túnba Ṣùbọ́mi Balógun kọ́ ilé ìwòsàn ọmọdé ńlá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó fà á lé Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́. Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, fi owó dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè. Tai Solarin, tí ilé ìwé wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò lówó bíi tiwọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, apá àwọn ọmọ ilé ìwé náà wà nínú ohun tó fi kọ́ ọ. Àmọ́ olówó kì í pọ̀ nílùú, gbogbo ẹni tó ń wá owó ló sì mọ ilé wọn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ìjàgun fi ń ká mi lára. Ní 2005 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Tai Solarin tó wà níbẹ̀ di yunifásítì. Ní 2012 ìjọba ìpínlẹ̀ ní òun yóò pa á pọ̀ mọ́ Olabisi Onabanjo, ó tún yí ohùn padà. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ gbà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ ládùúgbò: "Ó ti di ti fẹ́dírà, TETFund á kọ́ gbogbo ẹ̀." TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, lè kọ́lé lóòótọ́. Ta ni yóò san owó ilé ìwé ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú láàárín ọdún?

Tíṣà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jáde níbẹ̀, a kì í sì í gba owó bíi ti iléeṣẹ́ epo nídìí iṣẹ́ tíṣà. Bí wọ́n bá pè wọ́n sí láńṣìn, wọn ò ní wá, tàbí kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tíṣà lè yọ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì tó o fi ránṣẹ́ láìdìde nílé. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe IT gidi, kó lọ ní kí wọ́n fún òun ní orúkọ àwọn tó ti jáde, kó máa pè wọ́n, kó kọ ibi tí oníkálukú ń kọ́ ọmọ sílẹ̀. Kó sì rí i pé òun ti rìn dé ibi tí wọ́n ń náwó sí kó tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kejì, torí wọn á bi í.