"Gbogbo wọn"

Lálẹ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin jókòó nílé wa ní Libreville, a ń wo fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní September Dawn, tó jáde ní 2007. Àròsọ ni ìtàn ìfẹ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpakúpa ibẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ní September 1857, àwọn ìdílé kan láti Arkansas ń kó lọ sí California. Wọ́n gba Utah kọjá, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Mormon tẹ̀dó sí. Ẹ̀rù ogun ń ba àwọn onílé, nítorí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń rán sójà bọ̀ wá bá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ti pa ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ náà ní Arkansas lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn arìnrìn-àjò yìí kò mọwọ́, wọn ò mẹsẹ̀. Wọ́n fi àsíá funfun tàn wọ́n jáde, wọ́n sì pa nǹkan bí 120. Àwọn ọmọ kékeré 17 péré ni wọ́n dá sí. John D. Lee nìkan ni wọ́n pa fún ọ̀rọ̀ náà, ní 1877.

Ọmọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màámi, apààyàn ni àwọn Mormon yìí o, gbogbo wọn!"

Ni mo bá pa tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ ohun tí n kò sọ fún un rí.

Ọmọ Kétu ni bàbá mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà nínú ìlú yìí. Ní January 1977, àwọn sójà tí wọ́n fowó háyà kọlu Cotonou. Ààrẹ Kérékou ní Gabon lọ́wọ́ sí i. Ìjà òun àti Ààrẹ Bongo le títí di July 1978, ni Bongo bá lé àwọn ará Benin kúrò nílùú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Bàbá mi kò fojú kan Kérékou rí. Báàgì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dé Kétu, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tọ́jú títí wọ́n fi kú.

Mo sọ fún ọmọ mi pé, "'Gbogbo wọn' tí o sọ yẹn náà ni wọ́n fi lé bàbá àgbà rẹ."

Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí n jẹ́ kóun rí kọ́kọ́rọ́ náà. Mo lọ mú un wá. Ìka ò dọ́gba, ẹ̀yin òbí. Ẹ jẹ́ ká tètè máa sọ ọ́ fún wọn.